Àǹtí Mi, Ẹ Má Tíì Padà Sídìí Ìkòkò

Ilé gbígbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́,
Ọjọ́bọ̀, lọ́sàn-án.

Àǹtí mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ láti ibi tí mo jókòó sí yìí, mo sì kí gbogbo ilé. Nínú gbogbo lẹ́tà tí mo ti kọ sí yín láti ìgbà tí mo ti wọ yunifásítì, ìlà àkọ́kọ́ ni mo ti máa ń béèrè pé ṣé ara le, n kì í sì í dúró gba ìdáhùn kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ara mi. Tòní yàtọ̀. Mo ń béèrè, mo sì ń dúró. Ṣé ara yín le? Ṣé inú kò run yín? Ṣé ẹ̀gbọ́n mi ń jẹun dáadáa? Ṣé ọmọ tuntun tó bí ń mu wàrà rẹ̀, ṣé ìgbẹ́ rẹ̀ sì rí bó ṣe yẹ kó rí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ti ìgbẹ́ ọmọ yẹn gan-an ló ká mi lára jù nínú gbogbo ohun tí mo béèrè.

Lẹ́tà ni mo ń kọ nítorí pé ẹ kò gbé fóònù mi mọ́. Láti àná ni mo ti ń pè yín, ó ń dún, ó ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Mo wá pe ẹ̀gbọ́n mi pé kó gbé tiẹ̀ fún yín, mo sì gbọ́ ohùn yín lẹ́yìn rẹ̀ tí ẹ ń wí pé, "Sọ fún un pé ọwọ́ mi dọ̀tí, n kò lè fi di fóònù mú." Àǹtí, ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ yín. Ẹ lè kọ̀ láti gbọ́ ohùn mi, ẹ kò lè rí ohun tí wọ́n kọ nǹkan sí kí ẹ má kà á. Ẹni tó máa ń ka ara àpò ìyẹ̀fun láti òkè dé ìsàlẹ̀ nígbà tó bá ń dúró kí omi hó, kò ní fi lẹ́tà mi sílẹ̀ láìkà. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, tó wá já ẹrù nítòsí wa, ni yóò mú un bọ̀ wálé lọ́la. Mo ti bẹ̀ ẹ́ pé kó fi lé yín lọ́wọ́ gan-an, kó má kàn gbé e sórí tábìlì.

Ẹ̀bẹ̀ tí mo fẹ́ bẹ̀ yín ni kí n kọ́kọ́ sọ, bóyá ẹ máa bínú ya ìwé náà kí ẹ tó kà á parí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì padà sídìí ìkòkò. Kì í ṣe ti ilé ìwé tí ẹ ti ń dáná nìkan, ti ilé náà wà níbẹ̀. Ẹ má se oúnjẹ fún ẹnikẹ́ni, ẹ má po wàrà ọmọ, ẹ má fọ ìgò rẹ̀, títí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera yóò fi tún yín yẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún yín lórí fóònù lọ́jọ́ Ajé, ẹ jẹ́ kó dà bíi pé n kò sọ ọ́. Mo ṣì í sọ. Bó ṣe jẹ́ ni mo fẹ́ ṣàlàyé, ẹ bá mi fara balẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé ọdún àkọ́kọ́ ni mo wà. Iṣẹ́ tí wọ́n ń fún irú wa ní láàbù, ibi àyẹ̀wò wa, ni kí a fọ ìgò, kí a lẹ nọ́ńbà mọ́ wọn, kí a nu orí tábìlì, kí a má sì fọwọ́ kan ohun tí wọn kò ní kí a fọwọ́ kàn. Ọdọọdún ni wọ́n máa ń mú ọ̀kan nínú wa kọ́ ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, èmi ni wọ́n sì mú lọ́tẹ̀ yìí, n kò mọ ohun tí wọ́n rí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń retí kí ẹnì kan wá sọ pé àṣìṣe ni, ẹlòmíràn ni wọ́n ní lọ́kàn. Akẹ́kọ̀ọ́ àgbà kan ló ń kọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n Sùúrù ni gbogbo wa ń pè é, nítorí pé ẹni tó bá ti ń kánjú lọ́dọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó máa gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn.

Iṣẹ́ náà rí báyìí. Nínú ìfun gbogbo wa, tolówó tòtòṣì, ni oríṣiríṣi kòkòrò ń gbé tí ojú lásán kò lè rí. Ọ̀pọ̀ wọn kò ṣe wá ní nǹkan kan. Èyí tó ń fa ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ jẹ́ ìbátan àwọn tí kò léwu wọ̀nyí, wọ́n sì jọra débi pé bí ẹ bá fi ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wo àwọn méjèèjì, ẹ kò ní mọ èyí tí ẹ máa sá fún. Jíìnì wọn ló yà wọ́n sọ́tọ̀, ìyẹn àwọn ìlànà kéékèèké tí kòkòrò kọ̀ọ̀kan ń gbé kiri nínú ara rẹ̀, tó ń sọ ohun tó lè ṣe fún un. Èyí tó ń pani lára ní àwọn jíìnì kan tó fi ń ya wọ inú ògiri ìfun, tó sì fi ń tú oró síbẹ̀. Ìbátan rẹ̀ kò ní wọn. Ẹ̀rọ kan ni yóò ka jíìnì wọn jáde, àwa yóò sì fi tọ̀hún wé tìhín lórí kọ̀ǹpútà.

Nígbà tí àwọn ọmọ ilé ìwé yín bẹ̀rẹ̀ sí í ṣu ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n dá ọ̀kan nínú wọn dúró sí ilé ìwòsàn, tí wọ́n ti ilé ìdáná, tí òṣìṣẹ́ ìlera sì gba ìgbẹ́ àwọn ọmọ, ìgbẹ́ yín, àti omi táńkì, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n kó gbogbo rẹ̀ wá. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n lẹ nọ́ńbà mọ́ wọn. Orúkọ kò sí lára ìgò, àmọ́ wọ́n máa ń kọ ẹni tàbí ibi tó ti wá sí i: ọmọ, ọmọ, ọmọ, omi. Mo wá mú ọ̀kan tí wọ́n kọ "ìdáná" sí, pẹ̀lú orúkọ ilé ìwé náà ní ẹ̀gbẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń dáná ní ilé ìwé yẹn. Ẹ̀yin tí gbogbo ọmọ ibẹ̀ ń pè ní Màmá Ṣíbí ni. Mo lẹ nọ́ńbà náà ní wíwọ́.

Àǹtí, òfin kan wà lára ilẹ̀kùn láàbù wa, gàdàgbà gadagba ni wọ́n kọ ọ́: ẹni tó bá mọ ẹni tó ni ìgbẹ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí yóò ka èsì rẹ̀. A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ láàárín ara wa. Lọ́jọ́ yẹn, mo kọjá lára ilẹ̀kùn náà, n kò wò ó. Mo sọ lọ́kàn mi pé bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi, wọ́n á fún ẹnì kan tí kò mọ̀ yín, tí kò mọ̀ pé ẹ máa ń fọ ọwọ́ yín dé ìgúnpá, tí yóò kàn kọ "ìdáná" sílẹ̀ bíi pé ìdáná kì í ṣe èèyàn. Mo rò pé mo ń dáàbò bò yín ni.

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n ti ka jíìnì náà tán. Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà láàárọ̀, mo mú kòkòrò kan tí kò léwu, tí gbogbo láàbù mọ̀ dáadáa, mo fi ṣe ìwọ̀n, mo sì ní kí ẹ̀rọ fi gbogbo àwọn tó wá láti ilé ìwé yín wé e. Èsì jáde. Gbogbo ọmọ ló wà níbẹ̀, omi wà níbẹ̀. Tiyín nìkan ni mo fi ojú wá. Mo wo ibi tí jíìnì oró yẹ kó wà, kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ó mọ́ bí àwo tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. N kò wo tẹlòmíràn. Mo dìde, mo jáde sí ọ̀ọ̀dẹ̀, mo pè yín.

Ẹ rántí bí ẹ ṣe kígbe. "Àbí-bẹ́ẹ̀-kọ́ mi!" Ẹ ní kí n lẹ fóònù mọ́tí dáadáa, ẹ wá ń fi ṣíbí onígi lu ìdí ìkòkò, gbaga, gbaga, mo ń rẹ́rìn-ín débi pé àwọn tó ń kọjá ń wò mí. Láti kékeré ni ẹ ti sọ mí lórúkọ yẹn nítorí pé n kò lè sọ ohun kan kí n má fi "àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?" parí rẹ̀. Ilẹ̀ ti mọ́, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ìyá mi máa padà wá, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ẹ sì máa ń dáhùn gbogbo rẹ̀, àní èyí tí ìdáhùn rẹ̀ le. Lọ́jọ́ Ajé yẹn, n kò béèrè àbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo dá ara mi lójú. Nínú gbogbo ọjọ́ ayé mi, ọjọ́ tí mo dá ara mi lójú náà ni mo kó yín sí yọ́ọ́yọ́ọ́.

Ọjọ́ kejì, lọ́sàn-án, mo fi iṣẹ́ náà han Ẹ̀gbọ́n Sùúrù. Mo ń retí kó yìn mí. Ó fa àga, ó jókòó tì mí, ó ní, "O gbìyànjú. Ọmọ tó ṣì wà ní ilé ìwòsàn yẹn, tiẹ̀ ńkọ́?" Mo ní n kò tíì wò ó. Ó ní, "Wò ó." Mo sún ojú kọ̀ǹpútà wálẹ̀. Òfìfo. Kò sí jíìnì oró kankan. Mo sún un sórí ọmọ mìíràn. Òfìfo. Gbogbo wọn mọ́ bíi tiyín. Ó wá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ pé, "Ọmọ tó ń ṣu ẹ̀jẹ̀. Kòkòrò tiẹ̀ náà kò ní oró?" Mo ní, "Bóyá ẹ̀rọ ló... àbí kò jẹ́ pé..." Ó ní, "Sùúrù. Kí lo fi wọ̀n wọ́n?"

Ilé ìdáná ni kí n fi ṣàlàyé rẹ̀ fún yín, torí ibẹ̀ ni ẹ ti bá mi wí jù. Ká ní ẹ rán mi sí ilé ìdáná aládùúgbò pé kí n lọ wò ó bóyá ohun ewu wà níbẹ̀. Mo wá fi tiyín ṣe ìwọ̀n: ìkòkò ńlá, asẹ́, ọ̀bẹ, ṣíbí onígi. Mo dé ọ̀hún, mo ń wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìkòkò wà, asẹ́ wà, ọ̀bẹ wà. Mo padà wá jábọ̀ fún yín pé bákan náà ni wọ́n rí, kò séwu. Bẹ́ẹ̀, oògùn eku wà lórí pẹpẹ wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ iyọ̀. Ojú mi kò fọ́. Kò sí oògùn eku nínú ilé ìdáná yín ni, n kò sì wá a. Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Kòkòrò tí kò ní oró ni mo fi ṣe ìwọ̀n, ohun gbogbo tí kò bá sì sí lára ìwọ̀n, kọ̀ǹpútà fò ó kọjá. Ká ní mo wo ti ọmọ kan péré ni, ǹ bá ti mọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí ohun tí mo fẹ́ rí, mo bá dìde.

Ẹ̀gbọ́n Sùúrù kò pariwo mọ́ mi, ìyẹn ló tilẹ̀ dun mí jù. Mo lọ bá ọ̀gá wa obìnrin fúnra mi, mo sọ gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró, ti òfin ilẹ̀kùn àti ti ìwọ̀n. Wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn. Wọ́n ní, "Kí ni wọ́n jẹ́ sí ẹ?" Mo ní, "Àwọn ló tọ́ mi." Wọ́n ní, "Kò sẹ́ni tó ní kí o má fẹ́ràn ẹni tó tọ́ ẹ. Pé kí o sọ ọ́ la ní kí o ṣe, ká lè gbé iṣẹ́ náà fún ẹni tí kò mọ̀ wọ́n. O kò tíì sọ nǹkan kan fún wọn, àbí?" Mo wo fóònù ọwọ́ mi. Wọ́n rí ojú mi. Wọ́n dìde lórí àga wọn, wọ́n ní, "Pè wọ́n padà. Má tíì jókòó. Pè wọ́n báyìí."

Ẹ̀yin náà mọ bí ìpè yẹn ṣe lọ. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì ńlá kan tó ń kùn, mo ń kólòlò bí ọmọ ọdún mẹ́ta. Mo ní ohun tí mo sọ lánàá kò tọ́, mo ní a kò tíì mọ̀. Ẹ ní, "Lánàá mo mọ́, lónìí mo dọ̀tí?" Mo ní n kò pè yín ní ẹlẹ́gbin. Ẹ ní, "Mo ti sọ fún ọ̀gá ilé ìwé. Mo ti sọ fún àwọn ìyá ọmọ lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní ọmọ tèmi, tó wà ní yunifásítì, ló fojú ara rẹ̀ wò ó. Ojú wo ni kí n wá fi wò wọ́n?" Fóònù kú létí mi.

Wọ́n yọ mí kúrò nínú iṣẹ́ náà lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀gá wa pa gbogbo nọ́ńbà dà, wọ́n fún Ẹ̀gbọ́n Sùúrù láìsọ èwo ni tọmọ, èwo ni tomi, èwo ni tìdáná fún un, wọ́n sì ní kó fi kòkòrò tó ń fa àrùn náà gan-an ṣe ìwọ̀n lọ́tẹ̀ yìí, kó tún fi àwọn ìbátan rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì wé e. Wọ́n ní kí n lọ fọ ìgò. Àǹtí, mo fọ ìgò lánàá! Mo fọ èyí tó ti mọ́, mo tún un fọ̀. Láti ibi tí mo dúró sí, mo ń wo ẹ̀yìn orí Ẹ̀gbọ́n Sùúrù nínú gíláàsì ilẹ̀kùn, bó bá ti mirí báyìí, n óò tún mú ìgò mìíràn fọ̀. Nígbà tó dìde, ọ̀dọ̀ ọ̀gá ló kọ́kọ́ lọ. Wọ́n pè mí wọlé. Ọ̀gá ní kí n jókòó. Ìgbà tí wọ́n ti ní kí n jókòó ni mo ti mọ̀.

Kòkòrò náà wà nínú ìfun yín. Mo kọ ọ́ báyìí tán, mo gbé bírò sílẹ̀, mo tún gbé e. Ó wà níbẹ̀, pẹ̀lú jíìnì oró rẹ̀, ọ̀kan náà sì ni pẹ̀lú ti àwọn ọmọ. Ó ń gbé inú yín láìṣe yín ní nǹkan kan, bó ṣe máa ń ṣe fún àwọn àgbàlagbà mìíràn, ìdí nìyẹn tí ara yín fi le. Òṣìṣẹ́ ìlera yóò wá sọ ọ́ fún yín. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá wa kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ lọ́dọ̀ mi, wọ́n sì gbà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kejì kíákíá kí ẹ tó sọ ìwé yìí nù. Ọ̀kan náà ni pẹ̀lú èyí tó wà nínú omi táńkì ilé ìwé. Wọ́n ti lọ wo táńkì náà. Ìdérí rẹ̀ ti là, páìpù tó sì ń gbé omi wá síbẹ̀ ti jò ní ibi tó ti kọjá lẹ́bàá kòtò ilé ìgbẹ́. Omi yẹn ni àwọn ọmọ ń mu lẹ́nu ẹ̀rọ, òun náà ni ẹ ń bù fọ ọwọ́ yín dé ìgúnpá. Mo bi ọ̀gá wa bóyá jíìnì lè sọ ẹni tó kọ́kọ́ ní i, ẹni tó kó o ran ẹnì kejì. Wọ́n ní nínú ọ̀ràn yìí, rárá o, ó kàn lè sọ àwọn tó jọ ní ọ̀kan náà. Nítorí náà, ẹni tó bá nàka sí yín pé ẹ̀yin lẹ kó o bá àwọn ọmọ, ẹ sọ fún un pé láàbù kò sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá wa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé tó ń lọ sí ilé ìwé, mo fojú mi rí i. Mo sì wò ó lẹ́ẹ̀mejì lọ́tẹ̀ yìí.

Ohun kan tún wà. Ìfiwéra náà fi hàn pé kòkòrò yìí ní jíìnì kan tí ìbátan rẹ̀ kò ní, tí kì í jẹ́ kí oògùn tó wọ́pọ̀ ràn án. Oògùn oníhóró pupa-àti-dúdú tí ẹ máa ń tọ́jú sínú agolo tíì, tí ẹ máa ń fún gbogbo ilé lò tí inú bá ti ń run ẹnikẹ́ni, ẹ bá mi gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò ní ṣe kòkòrò yìí ní nǹkan kan. Èyí tí wọ́n bá fún yín ní ilé ìwòsàn ni kí ẹ lò, kí ẹ sì lò ó tán, kí ẹ má fi díẹ̀ pamọ́ de ọjọ́ mìíràn bí ẹ ti máa ń ṣe. Mo mọ ibi tí ẹ máa ń fi pamọ́ sí.

Àǹtí, ẹ kò dọ̀tí. Bí mo bá pa ojú mi dé, mo ṣì ń rí èékánná yín tí ẹ gé dé ẹran, mo ń gbọ́ òórùn ọṣẹ lára aṣọ ìdáná yín. Ẹ lé èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kúrò nídìí àwo oúnjẹ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nítorí pé a fi ọwọ́ kan ilẹ̀. Kòkòrò yìí kò mọ ìyẹn. Kì í wo ojú èèyàn kó tó wọlé, ọ̀nà ló ń wá, omi yẹn sì là á fún un.

Ọ̀rọ̀ ọmọ tuntun ló lé mi dìde lórí ibùsùn tí mo fi ń kọ èyí. Ilé ìwé, ìjọba lè ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ilé yín, kò sẹ́ni tó lè tì í bí kò ṣe ẹ̀yin. Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi pé láti ọjọ́ Ajé tí mo ti ní kò séwu, ẹ̀yin lẹ tún ń po wàrà ọmọ kí òun lè sùn. Lẹ́yìn tó sọ bẹ́ẹ̀, n kò gbọ́ ohun tó tún sọ mọ́. Èèyàn ńlá lè gbé kòkòrò yìí kiri láìmọ̀. Ọmọ tí kò tíì lè gbé ọrùn dúró kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ìgbẹ́ rẹ̀ bá ṣàn, tàbí tó bá yí àwọ̀ pa dà, tàbí tí ọmọ bá kọ wàrà, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ilé tí kòkòrò náà wà ni ó ti wá. Ẹ má tìtorí ìtìjú fi ìyẹn pamọ́. Ẹ lè bínú sí mi títí ọdún yóò fi yí po, ẹ ṣáà jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi máa po wàrà náà fúnra rẹ̀.

Èmi náà kò bọ́ nínú rẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá wa gbọ́ pé mo wá sílé nígbà ìsinmi, tí mo sì jẹ oúnjẹ ọwọ́ yín, wọ́n gbé ìgò kékeré kan lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n lọ ṣe ohun tí mo mọ̀. Ìgbẹ́ tèmi náà ti wà nínú fíríìjì yẹn láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ní nọ́ńbà tirẹ̀, ẹlòmíràn ló ń yẹ̀ ẹ́ wò. N kì í wọ ilé ìdáná ilé gbígbé wa mọ́. Ẹni tí a jọ ń gbé yàrá fi gègé fa ìlà sórí ilẹ̀, ó ní, "Oníkòkòrò, ìhà tìẹ nìyẹn, ìhà tèmi nìyí." Ó ń fi mí rẹ́rìn-ín ni, ṣùgbọ́n mo kíyè sí i pé ó ti kó ife rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Ife lásán ni o, Àǹtí. Mo wá ronú kan àwọn ìyá ọmọ tí ẹ ní ẹ máa ń pàdé lẹ́nu ọ̀nà.

N kò mọ̀ bóyá wọ́n á tún gbà mí sídìí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀gbọ́n Sùúrù ní wọ́n á gbà mí, ó ní ẹni tó bá ti ṣe irú àṣìṣe yìí rí kì í gbàgbé láti béèrè ohun tí wọ́n fi ṣe ìwọ̀n. Mo fẹ́ gbà á gbọ́. Àmọ́ kì í ṣe ìyẹn ni mo ń gbàdúrà lé lórí báyìí.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ohun tí mo sọ lọ́jọ́ Ajé ṣe ọmọ náà ní jàǹbá. Kí ara yín máa le lọ. Kí oògùn náà ṣiṣẹ́, kí kòkòrò náà wábi gbà jáde, kí ó má sì mọ ọ̀nà padà. Kí ẹ tún di ṣíbí yín mú níwájú àwọn ọmọ tó fẹ́ràn yín, kí àwọn ìyá wọn sì wo ojú yín tẹ̀rín-tẹ̀rín. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá yẹ̀ yín wò tí wọ́n ní ó ti lọ, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó se oúnjẹ fún ẹnikẹ́ni, tèmi ni kí ẹ kọ́kọ́ sè. Iwájú gbogbo àdúgbò ni mo fẹ́ ti jẹ ẹ́.

Èmi ni ọmọ tí ẹ tọ́, tó ń bẹ yín lórí ìkúnlẹ̀,

Àbí-bẹ́ẹ̀-kọ́.

Àfikún: Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì nìyí, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ti ń fun fèrè ọkọ̀ nísàlẹ̀. Mo ti lẹ lẹ́tà yìí tán, mo tún un ya. Ọ̀gá wa ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí. Kòkòrò yìí wà nínú ìfun tèmi náà. Wọ́n ní kí n má wọ láàbù, kí n má dáná fún ẹnikẹ́ni, kí n wá gba oògùn. Àǹtí, àwa méjèèjì ni. Oògùn kan náà la jọ máa lò, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. N óò máa pè yín ní àkókò náà kí a lè jọ gbé e mì. Ẹ gbé fóònù yín, ẹ jọ̀ọ́. Bí ọwọ́ yín bá dọ̀tí, tèmi náà dọ̀tí, òun ni mo sì fi ń pè.